Mo Fi Àṣírí Ìyá Rẹ̀ Sínú Géèmù Kí N Lè Gbẹ̀san

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò sọ fún ọkọ mi, tí mi ò sọ fún pásítọ̀ mi. Mi ò tiẹ̀ lè gbàdúrà lé e lórí, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ ìdáríjì lórí ohun tó ṣì ń dùn mọ́ èèyàn nínú.

Mo ba àárín ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ jẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìyá náà kò ṣẹ̀ mí rárá. Ọmọ ló ṣẹ̀ mí.

Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí ni pé ọmọ náà wá sílé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó jókòó sórí àga mi, ó sunkún, ó ní kí n bá òun bẹ ìyá òun. Èmi ni o!

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Túnjí. Ọmọ Ìbẹ̀fun ni, èmi jẹ́ ọmọ Ayépé. Ìjàgun la ti pàdé nígbà tí a jọ ń kàwé, Ìjẹ̀bú-Òde níbí la sì jọ ń gbé títí di òní. Kò sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láàárín wa rí. Ọ̀rẹ́ ni wá. Túnjí mọ kọ̀ǹpútà ju gbogbo ẹgbẹ́ wa lọ. Èmi, ìtàn ni mo mọ̀ ọ́n kọ.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe géèmù orí fóònù nìyẹn. Jagunjagun kan ló wà nínú rẹ̀, Abórìṣàjà lorúkọ rẹ̀. Ó mú àdá rẹ̀, ó gòkè lọ sí ọ̀run, ó ń bá àwọn òrìṣà jà lọ́kọ̀ọ̀kan torí pé wọ́n pa àwọn ọmọ rẹ̀. Túnjí ló ń yàwòrán, òun ló ń mú kí àwòrán máa rìn. Èmi ni mò ń sọ ohun tí wọ́n á ṣe, ohun tí wọ́n á sọ, ẹni tó máa kú àti ìdí tó fi máa kú.

Apá kìíní jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìjàgun ń ta á bí ayò. Apá kejì jáde. Ìkẹta jáde, ìkẹrin tẹ̀ lé e. A ti kúrò níléèwé nígbà náà. Túnjí ti gba ọ́fíìsì, ó ti ní òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ nìkan ló máa ń wà níwájú géèmù. Bí mo bá bi í, á rẹ́rìn-ín.

"Ìyá oníìtàn, fara balẹ̀. Gbogbo ayé ṣì máa mọ̀ ẹ́."

Mo fara balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé mo fara balẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ kan tí wọ́n fẹ́ yẹ́ ẹ sí nínú gbọ̀ngàn kan níbí. Túnjí fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé ọjọ́ yẹn lòun máa dárúkọ mi. Ni mo bá ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ayépé. Tíṣà ni bàbá mi, ó ti fẹ̀yìn tì, ara rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ le mọ́. Ó wọ agbádá tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde, ó wọkọ̀ wá. Mo mú un jókòó síwájú kó lè gbọ́ dáadáa.

Ọkùnrin kan nínú àwọn àlejò dìde, ó bi Túnjí léèrè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo lẹ ti ń rí àwọn ìtàn yìí?"

Túnjí tẹ orí ba díẹ̀ bí onírẹ̀lẹ̀. "Orí mi náà ni, sà. Àlọ́ ni màámi fi tọ́ mi dàgbà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ń fi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ han àwọn èèyàn. Nígbà tó kàn mí, ó nawọ́ sí mi. "Èyí tó jókòó nítòsí bàbá yẹn, òun ló ń bá wa tẹ ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún èmi náà. Bàbá mi náà pàtẹ́wọ́.

Mo sìn ín dé gáréèjì. Kó tó wọkọ̀ ló wá sọ pé, "O ò ní láti parọ́ fún mi, ọmọ mi. Iṣẹ́ kí a bá èèyàn tẹ ọ̀rọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú."

Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo kọ ọ́. Gbogbo rẹ̀."

Ó fọwọ́ kan èjìká mi. "Ó dáa. Mo ti gbọ́." Bí wọ́n ṣe ń dá ọmọdé lóhùn kó lè dákẹ́ ló ṣe dá mi lóhùn. Ó wọkọ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí bàbá mi fi kú. Nínú ọkàn rẹ̀, òpùrọ́ ló fi ọmọ rẹ̀ sí nígbà tó ń lọ.

Nígbà tí mo bi Túnjí ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní àwọn èèyàn kì í lè rántí orúkọ méjì, ẹnì kan ni wọ́n máa ń rántí, kí n má fi ṣe ìbínú. Ó wá síbi òkú bàbá mi. Ó jó pẹ̀lú wa. Mo ń wò ó bó ṣe ń jó, mo sì sọ lọ́kàn mi pé, "Màá fi ohun tó o jí lọ́wọ́ mi pa ẹ́ lára." Mi ò tíì mọ bí màá ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa Màmá, ìyá Túnjí.

Obìnrin jẹ́ẹ́ ni, ó ń din gààrí ní Ìbẹ̀fun. Láti ìgbà tí mo ti wà ní Ìjàgun ni mo ti máa ń lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kódà nígbà tí Túnjí kò bá sí nílé. "Ọmọ mi obìnrin" ni wọ́n máa ń pè mí. Wọ́n ti ní ọmọ obìnrin kan rí, ẹ̀gbọ́n Túnjí, iná ló pa á nígbà tí Túnjí ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀, tí Túnjí náà sì mọ̀, ni pé èéfín ti pa ọmọ náà lójú oorun kí ìyá tó jí.

Ní ọjọ́ kan tí èmi àti Màmá ń dáná, sítóòfù gbiná lójijì. Màmá sá jáde. Wọ́n fi mí sílẹ̀ nínú ilé ìdáná. Mo rẹ àpò gààrí sínú omi, mo fi bò ó, iná kú. Nígbà tí mo jáde, mo bá wọn ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n.

"Mo tún sá," wọ́n ní. "Mo tún fi ọmọ sílẹ̀ sá."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi. Ọmọ náà kò sùn lálẹ́ iná yẹn. Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó jí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá inú. Màmá ti pọn Túnjí, iná ti gba àárín. Wọ́n rò pé bí àwọn bá padà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa kú. Wọ́n yíjú pa dà. Ọmọ náà pè wọ́n.

"Màámi, èmi ńkọ́?"

Ohun tó sọ nìyẹn. Wọ́n ní àwọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, àní ọkọ wọn tó ti kú kò mọ̀. "Ká ní ó wà, irú ìwọ yìí ni ì bá dà," wọ́n ní. Mo dì mọ́ wọn. Mo ṣèlérí pé inú mi lọ̀rọ̀ náà máa kú sí.

Mo sì pa àṣírí náà mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò pa á mọ́. Àfi ìgbà tí bàbá mi kú tán.

Túnjí pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní àwọn tó ń gbá géèmù náà ń béèrè ohun kan, pé kí ló dé tí Abórìṣàjà kì í fi í dárúkọ ìyá rẹ̀, kí ló dé tó burú tó bẹ́ẹ̀. "Apá karùn-ún yìí kò ní lọ síwájú," ó ní. "Ẹ̀yìn ló máa padà sí. Ìgbà tó wà lọ́mọdé, kó tó di ẹni tó dà. Kọ ọ́ fún mi, kó wọ èèyàn léegun."

Mo ní, "Mo gbọ́, ọ̀gá."

Mo délé, mo jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ tàn yín. Mi ò kọ ohun kan rí tó yá mi lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Mo fi ogun sí i dípò iná tó jó ilé wọn, kí Túnjí má baà fura. Ọ̀tá sun ìlú. Ìyá Abórìṣàjà pọ̀n ọ́n, ó ń sá. Mo ṣe é kó jẹ́ pé ojú ọmọ tó wà lẹ́yìn ni ẹni tó ń gbá géèmù á fi máa wò. Kò sí ibi tó lè tẹ̀ lójú fóònù tó máa dá ìyá dúró. Ẹ̀yìn nìkan ló lè wò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kéré sí i, ó sì ń pariwo pé, "Màámi, èmi ńkọ́?" Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ogun kò sí, ìyá sọ fún àwọn èèyàn pé òun bá ọmọ náà ní òkú. Mo tiẹ̀ pe ọmọ náà ní Àbẹ̀kẹ́.

Túnjí kà á, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ó rán òun létí ẹ̀gbọ́n òun, inú òun sì dùn pé mo lo orúkọ rẹ̀. "Ibo lo ti rí èyí?"

"Orí mi náà ni," ni mo fi dá a lóhùn.

Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀, ó ní ilé ìyá òun lòun ti máa kọ́kọ́ fi hàn. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, ó gbé e lọ sí Ìbẹ̀fun, ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ará ilé wà níbẹ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà yà wá. Ǹ bá ti sọ pé ara mi kò yá, kí n jókòó sílé. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Túnjí dìde dúró, ó tún fi ẹnu ara rẹ̀ de ara rẹ̀. "Màámi, nínú gbogbo èyí tí mo ti kọ, kò sí èyí tí mo fi ọkàn kọ tó èyí. Ẹ̀yin gan-an ni mo kọ ọ́ fún."

Kò sẹ́ni tó fún un ní ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Irọ́ tirẹ̀ ni.

Ó dé ibi tí ìyá ti ń sá. Mi ò wo tẹlifíṣọ̀n, Màmá ni mò ń wò. Nígbà tí ọmọ yẹn pariwo, wọ́n di ọwọ́ àga mú. Wọ́n wo Túnjí. Túnjí ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí ìyìn. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé.

"Ó wọ̀ wọ́n lára," Túnjí ń sọ fún àwọn èèyàn. Wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún un.

Kò pẹ́, Màmá ní kí wọ́n pè mí wá. Orí ibùsùn ni mo bá wọn. Wọn kò sunkún.

"Ìwọ nìkan ni mo sọ fún láyé yìí," wọ́n ní. "Ṣé o sọ fún un?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ǹ bá ti sọ pé, "Màmá, èmi ni mo kọ ọ́, Túnjí kò mọ nǹkan kan." Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ó wà lórí ahọ́n mi. Mo wá rántí ọwọ́ bàbá mi léjìká mi ní gáréèjì.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ fún un. Ó bẹ̀ mí títí. Mi ò mọ̀ pé ó máa gbé e síta."

"Ó sì dúró sójú mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní èmi lòun kọ ọ́ fún." Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "O ṣeun, ọmọ mi. O ṣeun tí o kò parọ́ fún mi."

Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti ṣe ìyá Túnjí mọ́. Wọn kò bá a jà. Ì bá sàn ká ní wọ́n bá a jà. Bó bá dé, wọ́n á ní, "Ẹ kú àbọ̀, sà." Ọmọ tí wọ́n bí! Wọn kì í jẹ oúnjẹ tó bá gbé wá, àwọn aládùúgbò ni wọ́n máa ń fún. Nígbà tó dọ̀bálẹ̀ tó bi wọ́n pé kí lòun ṣe, wọ́n ní, "Ẹ lọ bi ìtàn yín, sà." Ó wá bi mí, pé kí ló wà nínú ìtàn náà tó bí ìyá òun nínú. Mo wò ó lójú.

"Ìwọ lo kọ ọ́," mo ní. "Báwo ni màá ṣe mọ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Inú mi dùn. Bí mo bá rí i nínú ọjà Òkè-Àjẹ tí ojú rẹ̀ ti rù, oúnjẹ máa ń dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Mo máa ń sọ fún bàbá mi nínú ọkàn mi pé, "Ẹ wò ó, òun náà ti di òpùrọ́ lójú òbí rẹ̀." Gbogbo orúkọ tó jí lọ́wọ́ mi ló so mọ́ ọn lọ́rùn. Bó bá sọ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, pé kì í ṣe òun ló kọ ọ́, Màmá á ti béèrè ẹni tó kọ ọ́, wọ́n á sì ti mọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Kò sí ẹni tó dì í lẹ́nu.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni àwọn ọmọdé. Apá karùn-ún yẹn tàn ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Igbe ọmọ yẹn wá di eré lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá pín nǹkan tí kò kan ẹnì kan, á fi ohùn ti inú géèmù pariwo ọ̀rọ̀ náà, àwọn yòókù á sì kú fún ẹ̀rín. Ní ọjọ́ kan, mo wà lọ́dọ̀ Màmá, àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá lọ lójú títì. Ọ̀kan pariwo ọ̀rọ̀ náà. Màmá dìde, wọ́n pa fèrèsé dé, wọ́n padà wá jókòó. Ooru mú wa nínú yàrá yẹn, kò sẹ́ni tó ṣí fèrèsé.

Mo sunkún nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Síbẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣẹ́kù. Ìyàwó Túnjí bí ọmọbìnrin. Ọkùnrin náà rò pé òun lè fi ọmọ tuntun tu ìyá òun lójú, ó sọ ọmọ náà ní Àbẹ̀kẹ́. Ó gbé e lọ sí Ìbẹ̀fun, ó kúnlẹ̀, ó nà án sí ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ gba Àbẹ̀kẹ́ yín."

Màmá kò nawọ́. Túnjí ní wọ́n wo ọmọ náà títí. Wọ́n wá sọ pé, "Ohun tí mo ṣe, Ọlọ́run á bi mí. Ṣùgbọ́n ìwọ, ìkà ni ẹ́. Gbé e jáde." Wọ́n wọ yàrá. Láti ìgbà yẹn, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́.

Ohun tó gbé Túnjí wá sílé mi nìyẹn. Ó ní, "Ìwọ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Bá mi bẹ̀ wọ́n. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, Ọlọ́run ń gbọ́. Mo pinnu pé màá ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ fún un. Mo ní, "Lọ sọ fún Màmá pé kì í ṣe ìwọ lo kọ ìtàn náà. Sọ fún wọn pé èmi ni. Ìyẹn nìkan. Kí o wá wò ó bóyá wọn ò ní dáhùn."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ rẹ́ jẹ.

"Kí nìyẹn kàn nínú ọ̀rọ̀ yìí?" ó ní. "Ṣé torí ìyẹn lo ṣì ń bínú láti ọjọ́ yìí? Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ nílé, lọ́la ó ti dé gbogbo ìlú. Ojú wo ni wọ́n á fi máa wò mí?"

Mo dìde, mo ṣílẹ̀kùn fún un, ó lọ. Títí di báyìí, kò mọ ohun tó kọ̀ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí níyànjú. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún Màmá, Túnjí á rí ìyá rẹ̀ gbà padà. Á gbé ọmọ rẹ̀ lé wọn lẹ́sẹ̀, orúkọ mi á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá mi á ṣì wà nínú ilẹ̀. Màmá á wá mọ̀ pé èmi tí wọ́n ń pè ní ọmọ ni mo tà wọ́n, tí mo tún kúnlẹ̀ síwájú wọn parọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ara wọn á lè gbà á. Bí mo bá sì dákẹ́, wọ́n lè kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọmọ tí àwọn tìtorí rẹ̀ fi ọmọ kan sílẹ̀ nínú iná, òun ló fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ẹ̀san ti Ọlọ́run ni. Mo mọ̀ ọ́n, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Ohun tí mò ń béèrè ni ẹni tí mo máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, ṣé ìyá ni àbí ọmọ, àti irú ẹnu tí màá fi sọ ọ́.

Màmá ti ránṣẹ́ pé kí n wá rí àwọn lọ́jọ́ Sátidé. Màá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di ọjọ́ náà, nítorí mo mọ ara mi. Bó bá jẹ́ ọkàn mi nìkan ni mo bá gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, bí mo bá débẹ̀, màá bá wọn jẹun, màá bá wọn gbálẹ̀ yàrá, màá sì tún dákẹ́.